Kókó Tó Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Omi

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan sọ níbi ìpàdé oṣù wọn nílùú Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí ariwo ti pọ̀ jù.)

Alága, mo kí yín o. Ìyálájé ẹgbẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin púlọ́mbà, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin oníwáyà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àjà ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ò ní pa yín, ẹ̀yin lẹ ó jèrè iṣẹ́ yín. Àmín. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tòní kàn yín ju àwọn ọ̀gá yín lọ.

Akọ̀wé yín ló wá bá mi nílé. Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru." Mo ní n ò sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí etí yín fi kún. Mo ní kókó kan wà tó máa ń hù láàárín gbùngbùn ọpọlọ, lágbègbè ohun tí wọ́n ń pè ní pineal, òun ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá kó àgbàlagbà 100 tó ní kókó nínú orí jọ, ẹ lè má rí ẹyọ ẹnì kan tí tirẹ̀ wà níbẹ̀. Akọ̀wé wò mí títí, ó ní, "Màmá, bó bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìtàn ni mo máa fi dá a lóhùn.

Ọmọ tó ń fi ọrùn wòkè

Ọdún 28 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ, orí la sì ń ṣí ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní kí n tún pálọ̀ mi ṣe, mo gbé iṣẹ́ àjà fún ọ̀gá kan tó ń ṣe POP. Ó kó ọmọ mẹ́ta wá. Ọ̀kan nínú wọn, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Kàmọ́rù, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹni ọdún 26 ni. Ó ti gba fírídọ̀mù, ó kàn ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó tó rówó ra irinṣẹ́ tirẹ̀ ni.

Kàmọ́rù á gun orí pákó. Kó tó lè wo àjà, á kọ́kọ́ ju gbogbo orí sẹ́yìn, àgbọ̀n á wá kọjú sókè gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni fìlà já bọ́ lórí rẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n po POP sí. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn: "Ìwọ, ṣé ọrùn lo fi ń ríran ni? Ojú ẹ ńkọ́?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín: èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní orí ń fọ́ òun. Ìgbà wo ló ń fọ́ ọ? Ní ìdájí, bó bá ti ń jí báyìí. Á bì, tó bá bì tán ara á fúyẹ́, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù méjì ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kẹ́mísìtì ti fún un lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù. Ó ti ra awò ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ìyá rẹ̀ ti mú un gòkè àdúrà. Èmi ńkọ́, èmi nọ́ọ̀sì ọpọlọ? Mo fún un ní Panadol méjì, mo ní kó lọ sùn dáadáa.

Ọjọ́ kẹta lojú mi tó là. Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, wọ́n ń jẹ àmàlà. Èkejì rẹ̀ pè é látorí àkàbà. Kàmọ́rù gbé òkèlè dání, kò fi sẹ́nu, kò sì fi sílẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Èmi ni mo jókòó kọjú sí i, mo rí i kedere pé ẹyinjú rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Mo yọ bírò nínú báàgì mi.

Mo ní, "Kàmọ́rù, má mi orí o. Ojú nìkan ni kó o fi tẹ̀ lé bírò yìí." Mo gbé e sọ́tùn-ún, ojú tẹ̀ lé e. Mo gbé e sósì, ó tẹ̀ lé e. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bá a lọ sílẹ̀. Mo wá gbé e sókè. Ojú méjèèjì gòkè díẹ̀, wọ́n dúró gbọn-in bíi fèrèsé tó há. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń fà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ń fà wọnú. Ìpéǹpéjú òkè ká sókè, funfun ojú yọ lókè ẹyinjú. Àyà mi já.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ló ń bá orí rojọ́, àwa tá à ń gbọ́ ẹjọ́ ló di etí.

Ohun tí mo rí yẹn ní orúkọ. Dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Faransé, Henri Parinaud, ló kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, orúkọ rẹ̀ náà la ṣì fi ń pè é. Ẹ̀yin oníwáyà, tiyín nìyí. Wáyà tó ń gbé ojú sókè, ẹ̀yìn ọ̀pá ọpọlọ ló gbà, abẹ́ pineal gẹ́lẹ́. Wáyà tó ń gbé e sọ́tùn-ún sósì, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà. Bí nǹkan bá wá ń wú lágbègbè pineal tó ń tẹ ẹ̀yìn ọ̀pá yẹn, tòkè ló máa kọ́kọ́ kú. Ìdí nìyẹn tí Kàmọ́rù fi lè ríwèé kà, tó lè sọdá títì, tí kò sì lè wo àjà.

Hóró ẹ̀wà kan

Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yin ẹ̀yìn, ṣé ẹ rí ohun tí mo mú dání? Ẹ ò lè rí i, hóró ẹ̀wà ni. Bí pineal ṣe tóbi mọ nìyẹn, bíi mílímítà 5 sí 8. Àárín gbùngbùn orí ló wà, kò sí ẹ̀gbẹ́ téèyàn lè gbà wọlé tí ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn.

Àwọn ará àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n. Galen, dókítà ayé àwọn ará Róòmù, ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jọ èso igi páínì, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1600, Descartes, ọ̀mọ̀ràn ará Faransé, ní ibẹ̀ ni ẹ̀mí èèyàn jókòó sí. Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní gbogbo ohun tó kù nínú ọpọlọ, méjì méjì ni wọ́n, tọ̀tún tòsì, hóró yìí nìkan ló dá wà. Èrò rẹ̀ dùn ún gbọ́, kò kàn jẹ́ òótọ́ ni. Ní 1958, dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà, Aaron Lerner, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fa nǹkan kan jáde nínú pineal màlúù, wọ́n sọ ọ́ ní melatonin. Àwọ̀ ara ló ń wá o, oorun ló bá pàdé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ojú ò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, pineal á bẹ̀rẹ̀ sí í da melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń ké sí ara pé alẹ́ ti lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Akígbe òru ni.

Àwọn kan á máa fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ojú kẹta ni, pé ká ra tíì kan ká fi fọ̀ ọ́ kó lè là. Lóòótọ́, àwọn aláǹgbá kan wà tó ní ojú kékeré kan lókè orí tó bá pineal tan. Ṣé aláǹgbá ni yín? Ẹ fi owó tíì yẹn ra ẹyin fáwọn ọmọ yín. Wọ́n tún ń dẹ́rù bani pé nǹkan funfun bí ẹfun ń gbá jọ sínú rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, ó máa ń gbá jọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adelola Adeloye, tó jẹ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ n'Ìbàdàn níbí, òun àti Felson ará Amẹ́ríkà, wo àwòrán X-ray orí àwọn ará Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, ní 1974, wọ́n rí i pé ẹfun yẹn wọ́pọ̀ lórí àwọn òyìnbó ju orí àwọn dúdú lọ. Kó tó di pé ẹ̀rọ ńlá dé, ẹfun yẹn gan-an ni àwọn dókítà fi ń ṣe àmì: bó bá ti kúrò ní àárín, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan kan ló ń tì í.

Páìpù

Ó kù díẹ̀ kí n kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ẹ̀yin púlọ́mbà, mo fẹ́ bi yín. Bí mo bá ju kóró àgbálùmọ̀ kan sáàárín ọgbà mi, ṣé ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́?

(Wọ́n ní rárá.)

Bí mo bá fi kóró àgbálùmọ̀ yẹn kan náà dí ẹnu páìpù tó ń kó omi jáde nínú ilé ńkọ́?

(Ọ̀kan dáhùn látẹ̀yìn: "Ilé á kún, Màmá. Wọ́n á sì pè mí lóru.")

Wọ́n á pè ẹ́ lóru. O ṣeun. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Inú omi ni ọpọlọ ń gbé. Omi mímọ́ gaara ni, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, nínú àwọn iyàrá mẹ́rin kan tó wà nínú rẹ̀. Èló ló ń ṣe lójúmọ́? Bíi mílílítà 500. Ẹ wo píọ̀ wọ́tà tó wà níwájú yín yẹn, ọ̀rá kan, sẹ̀ǹtílítà 50. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, lójoojúmọ́ ayé yín. Bẹ́ẹ̀ gbogbo omi tó lè wà nínú orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò ju bíi 150 lọ. Ó túmọ̀ sí pé omi tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò sí níbẹ̀ mọ́ tó bá dalẹ́. Òmíràn ti rọ́pò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa jáde.

Láàárín iyàrá kẹta àti ìkẹrin, páìpù kan ṣoṣo ló wà. Ìbú rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Ta ló jókòó sókè páìpù yẹn? Pineal ni.

Ẹ ti wá rí i. Kókó tó bá hù níbẹ̀, kò dìgbà tó bá tóbi. Mo ti rí kókó tó tó ọsàn níwájú orí ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági, ó ti gbé e rìn fọ́dún mélòó kan. Kóró àgbálùmọ̀ tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà omi lè pa akínkánjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tó ń ṣe omi ò ní ibi tí a ti ń tì í. Ọ̀nà dí, omi ṣì ń dé. Orí ọmọ ọwọ́ lè fẹ̀ sí i, ìyá rẹ̀ á rí i pé orí ọmọ ń tóbi. Orí tiwa ti gan, kò fẹ̀ mọ́, ọpọlọ ni omi á máa fún mọ́ ara egungun. Téèyàn bá sùn kalẹ̀ lóru, ìfúnpá yẹn á tún ga sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni orí Kàmọ́rù ń fọ́, ìdájí ló ń bì. Oògùn ibà mélòó ló fẹ́ ṣí páìpù?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi dókítà pé "báwo ló ṣe tóbi tó?", mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń mú yín béèrè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé "níbo ló wà?"

Ta ni jókòó síbẹ̀?

Abala yìí le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Kókó tó bá hù ní àdúgbò pineal, kì í ṣe irú kan. Ilé kan ni, onírúurú ayálégbé ló lè wà ńbẹ̀, ìwà wọn ò sì jọra.

Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní germinoma, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló fẹ́ràn jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn èèhù ara, tó yẹ kó lọ di ẹyin tàbí àtọ̀ nígbà tí ọmọ wà nínú oyún ni, wọ́n ṣìnà, wọ́n ya orí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan tiẹ̀ máa ń ṣe ohun tí obìnrin aboyún máa ń ní nínú ẹ̀jẹ̀, débi pé wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò oyún fún géńdé ọkùnrin kó sọ pé ó lóyún! Bó bá mú ọmọdékùnrin, ohùn rẹ̀ lè ki bí ti géńdé, irun lè hù lójú rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń jù bọ́ọ̀lù ike. Ìdí nìyẹn tí dókítà á fi gba ẹ̀jẹ̀ àti omi ọpọlọ kó tó gbé ọ̀bẹ. Torí germinoma, tí ìtànṣán, iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó kókó, bá kàn án, yíyọ́ ló ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Nínú mẹ́wàá tó bá ní in tó rí ìtọ́jú tó yẹ, ó ju mẹ́sàn-án lọ tó ń yè. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: kí lèèyàn fẹ́ gé, nígbà tó lè yọ́?

Òmíràn wá látara pineal fúnra rẹ̀. Èyí tó jẹ́ jẹ́jẹ́ nínú wọn, pineocytoma, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, bí wọ́n bá rí i yọ tán, ó tán nìyẹn. Èyí tó burú, pineoblastoma, àwọn ọmọdé ló ń mú jù, ó máa ń bá omi ọpọlọ ṣàn lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa tìyẹn lónìí.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé ni èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú àwọn tó ṣọ̀wọ́n. Títí di 2003, kò lórúkọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àwọn èèyàn ń ní in, wọ́n ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ sórí ìwé. Dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé, Anne Jouvet, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló kó ti aláìsàn 6 jọ, wọ́n tún wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n ní: rárá, èyí ò jọ àwọn tí a mọ̀. Àwọn èèhù rẹ̀ yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká bí ọmọ ìka, bí ewé ṣe ń yí ọ̀pá ẹ̀ka ká. Ó jọ pé kì í tiẹ̀ ṣe ara pineal ló ti wá, ara awọ tó tẹ́ iyàrá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n pè é ní papillary tumor àgbègbè pineal. Nígbà tó di 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Kí lorúkọ wá ń ṣe fún aláìsàn? Ó ń ṣe púpọ̀. Papillary kì í yọ́ bíi germinoma, yíyọ ni wọ́n á yọ ọ́, bí wọ́n bá sì yọ ọ́ tán, ó fẹ́ràn láti padà sí ojú ibi tó ti kúrò. Bíi koríko eéran. Ẹni tó ní in kò gbọdọ̀ sọ pé òun ti bọ́, kò ní padà lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fún lórúkọ ẹlòmíì lè máa lo oògùn ẹlòmíì. Ẹ̀yin káfíńtà, bí wọ́n bá pe ọ̀mọ̀ ní ìrókò fún yín, ṣé ẹ ò ní fi gbèsè ṣiṣẹ́?

Ọ̀nà ibẹ̀

Mo ti ní kò sí ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀nà ò jìn. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà tó bo ibẹ̀ bí òrùlé, ọ̀kan nínú wọn ló ń jẹ́ orúkọ Galen tí mo dá lẹ́ẹ̀kan. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì já a, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ní 1913, Fedor Krause ní Jámánì gba ẹ̀yìn orí wọlé, ó yọ́ kọjá lókè ọpọlọ kékeré, lábẹ́ awọ tó pín ọpọlọ sókè sísàlẹ̀, ó yọ kókó ibẹ̀, aláìsàn sì yè. 1913 o, kò sí maikirosíkóòpù iṣẹ́ abẹ, kò sí CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbìyànjú lẹ́yìn rẹ̀ pàdánù aláìsàn wọn, ẹ̀rù wá ń ba oníṣẹ́ abẹ láti débẹ̀, ọ̀pọ̀ á kàn fi ìtànṣán jó o láìmọ ohun tó jẹ́. 1971 ni Bennett Stein ní Amẹ́ríkà tún ọ̀nà Krause là, ó gbé maikirosíkóòpù dání wọ̀ ọ́. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀ dòní.

Ti ṣíṣí omi ńkọ́? Ìyẹn ló ṣáájú jù, torí omi ló ń pani kíákíá. Ní 1923, Mixter, dókítà kan ní Boston, mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀nà ìtọ̀, ó tì í wọnú iyàrá kẹta nínú ọpọlọ ọmọdé kan, ó lu ilẹ̀ iyàrá yẹn, omi rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà jáde. Ẹ̀rọ ìtọ̀! Ẹ rí i pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í kó irinṣẹ́ níyà. Ní Mbale, ní Ùgáńdà, Benjamin Warf lo ọ̀nà yìí fáwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí omi dí lórí wọn, láti bí ọdún 2001, torí ó rí i pé rọ́bà tí wọ́n ń ki sí orí wọnú ikùn máa ń dí, ìyá ọmọ tó wá láti abúlé ò sì ní lè tètè gbé e padà.

Nílé wa níbí, 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, kó ìmọ̀ yìí bọ̀ láti Amẹ́ríkà wá sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹni ọdún 47 péré ni nígbà tó kú ní 1974. Àwọn tó kọ́ ló kọ́ àwọn tó kọ́ àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́.

Kàmọ́rù

Ẹ ti ń wo aago, mo rí yín. Ẹ jẹ́ kí n parí ti Kàmọ́rù.

Ọ̀gá rẹ̀ tó ń pariwo yẹn, òun ló ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rí owó ẹ̀rọ MRI san. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán jáde, kóró àgbálùmọ̀ kan ló wà níbẹ̀, omi kún iyàrá mẹ́ta bí ìkòkò. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e wọ iyàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wà ńbẹ̀, wọ́n gbà mí láyè kí n dúró ní kọ̀rọ̀ kan, mo bo ẹnu, mo bo irun.

Ihò kékeré kan ni wọ́n lu síwájú orí rẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀rọ wọlé, gbogbo wa ń wo tẹlifíṣọ̀n. Omi mọ́ gaara, bíi pé èèyàn wà nínú kànga tí iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ iyàrá kẹta fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, ó ti wú sísàlẹ̀, ẹ rí i tí iṣan ń lù lábẹ́ ẹ̀. Dókítà fi ẹnu irinṣẹ́ lu ú jẹ́jẹ́. Kò sí ariwo kankan. Etí ọ̀rá yẹn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀, fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀, bí àyà ẹyẹ. Omi ti ń kọjá nìyẹn. Ó wá yí ojú ẹ̀rọ sẹ́yìn, a rí kókó náà, ó pọ́n díẹ̀, ó gbé ẹnu páìpù mọ́lẹ̀. Ó bù bín-ín-tín lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, orí ò fọ́ mi." Kókó ṣì wà níbẹ̀ o! Wọn ò tíì yọ nǹkan kan. Omi nìkan ló rí ọ̀nà.

Èsì àyẹ̀wò pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Papillary ni. Wọ́n wá gba ẹ̀yìn orí wọlé, ọ̀nà Krause, wọ́n yọ ọ́ láti òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ọdọọdún ló ń lọ ya MRI, ọ̀gá rẹ̀ ló ń rán an létí, torí òun fúnra rẹ̀ á máa sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.

Ẹnì kan fẹ́ béèrè pé ojú rẹ̀ ńkọ́. Ó padà díẹ̀, kò padà tán. Bó bá fẹ́ wo òkè, ó ṣì ń gbé àgbọ̀n. Kò lè ṣe àjà mọ́, pákó ń yí i lójú. Lóṣù tó kọjá, mo tún ilé ìdáná mi ṣe, òun ni mo pè. Táìsì ló ń lẹ̀ báyìí, ilẹ̀ ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Ó gbówó lórí mi, kò fi màmá pè.

Alága ti ń lu tábìlì. Ẹ ṣeun o. Ta ló nawọ́ lẹ́yìn yẹn?